Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Kí A Fi Òótọ́ Pamọ́ fún Aláìsàn?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀rọ̀ tí ènìyàn rere àti ènìyàn búburú bá ń jà lé lórí kì í ṣòro láti dá. Èyí tí ó máa ń ṣòro ni ọ̀rọ̀ tí ènìyàn rere méjì bá ń jà lé lórí, tí ó sì jẹ́ pé ìfẹ́ ni ó ń ti àwọn méjèèjì. Ọ̀kan nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò. Bí dókítà bá yẹ ènìyàn wò, tí ó rí i pé àrùn jẹjẹrẹ ni ó ń ṣe é, tí àrùn náà sì ti kọjá ibi tí oògùn tàbí iṣẹ́ abẹ lè ká a mọ́, ta ni ó yẹ kí ó sọ fún? Ṣé aláìsàn ni, tàbí àwọn ẹbí rẹ̀? Bí ó bá sì jẹ́ pé àwọn ẹbí ni ó kọ́kọ́ gbọ́, ǹjẹ́ ó tọ́ kí wọ́n fi í pamọ́ fún ẹni tí ó ni ara?

Gbogbo wa ni a mọ bí wọ́n ti máa ń ṣe é nílẹ̀ wa. Dókítà a pe àkọ́bí aláìsàn, tàbí àbúrò rẹ̀, jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a sì sọ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ fún un. Ẹni náà a sunkún díẹ̀, a fi etí aṣọ nu ojú, a sì padà wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín: "Bàbá, dókítà ní kò sí nǹkan kan. Ẹ óò dìde láìpẹ́." Láti ọjọ́ náà lọ, gbogbo ilé a máa ṣe eré kan tí olúkúlùkù mọ bí yóò ti parí, àfi ẹni tí a ń ṣe é fún.

N kò kọ èyí láti fi irú àwọn ẹbí bẹ́ẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà, nítorí mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé aláìsàn ni ó ni ìròyìn ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ bíbí inú rẹ̀, ohun olóhun ni ó gbà.

Kí n tó sọ ìdí rẹ̀, ó yẹ kí a mọ ohun tí a ń sọ. Èmi kì í ṣe dókítà. Èdè ni mò ń kọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń kọ́ èdè pẹ̀lú a máa rí nǹkan nínú orúkọ àrùn. Àwọn Gíríìkì ayé àtijọ́ pe àrùn yìí ní karkinos, èyí tí í ṣe akàn. Àwọn ará Róòmù túmọ̀ rẹ̀ sí cancer, tí òun náà jẹ́ akàn ní èdè Látìnì, ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ń lò títí di òní. Àwọn baba wa kò wo ẹsẹ̀ akàn ní tiwọn. Nínú jẹjẹrẹ, ẹ̀ẹ̀mejì ni etí wa ń gbọ́ "jẹ", bí ẹni pé àrùn náà jókòó ti oúnjẹ, tí kò sì fẹ́ dìde. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ ń bani lẹ́rù, kò sì yà mí lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fẹ́ kí ó jáde lẹ́nu wọn.

Síbẹ̀, kí n yára sọ pé kì í ṣe gbogbo jẹjẹrẹ ni ó ń pani. Bí a bá tètè rí ti ọmú tàbí ti ẹnu ilé-ọmọ, ọ̀pọ̀ ni ó ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni ìjọba Nàìjíríà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ó ń dènà ti ẹnu ilé-ọmọ. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ti inú ọ̀rọ̀ mi sọ ìrètí nù. Èyí tí àwọn onímọ̀ ti wò títí, tí wọ́n sì ní kò ṣeé lé kúrò lára mọ́, òun nìkan ni mò ń sọ.

Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, òṣìkà ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ tẹnu àwọn tí ó ní kí a fi òótọ́ pamọ́.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ ní agbára. Lójú àwa Yorùbá, ọ̀rọ̀ ẹnu kì í ṣe afẹ́fẹ́ lásán. Bí ọba bá papò dà, a ní ó wàjà. Bí ejò bá ń lọ lóru, okùn ni à ń pè é. Ní ayé ìgbà tí ṣànpọ̀nná ń jà, àwọn baba wa kì í fẹ́ dárúkọ rẹ̀. Ilẹ̀ gbígbóná ni wọ́n ń pè é, kí ó má baà rò pé a ránṣẹ́ pe òun. Báwo wá ni ènìyàn yóò ti jókòó ti ìyá rẹ̀, tí yóò la ẹnu, tí yóò sì pe ikú lé e lórí?

Ohun kejì ni pé ìrètí ni oúnjẹ aláìsàn. Wọ́n ní bí a bá ti sọ fún ènìyàn pé kò ní í yè, kò ní í jẹun mọ́, kò ní í lo oògùn mọ́, yóò kàn kọjú sí ògiri ni. Ìbànújẹ́ yóò sì pa á kí àrùn tó pa á.

Ohun kẹta ni pé dókítà kì í ṣe Ọlọ́run. Àwọn àgbà ní àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Ẹni tí a ní kò ní í rí ọdún tuntun ti jẹ ẹran ọdún náà rí, ó sì tún jẹ ti èyí tí ó tẹ̀lé e. Kí ni a ó wá sọ fún ẹni tí a ti fi ikú dẹ́rù bà, tí ikú kò sì wá?

Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé. Kí a má sì ṣe rò pé àwa aláwọ̀ dúdú nìkan ni a ń rò bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1961, Donald Oken tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn dókítà ilé ìwòsàn kan ní Chicago, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Nínú dókítà 10, nǹkan bí 9 ni ó ní òun kì í fẹ́ sọ fún aláìsàn pé jẹjẹrẹ ni ó ń ṣe é. Ní ọdún 1979, àwọn onímọ̀ mìíràn bi àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà ní irú ìbéèrè kan náà. Ní àkókò yìí, 97 nínú 100 ni ó ní àwọn yóò sọ ọ́. Láàárín ọdún 18 péré, èrò àwọn oníṣègùn yí padà pátápátá. Ẹni tí ó bá ń pe òótọ́ sísọ ní àṣà Òyìnbó, tí ó ń pe fífi pamọ́ ní àṣà Yorùbá, kí ó ranti pé ó pẹ́ tí Òyìnbó pẹ̀lú ti ń fi í pamọ́. Ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù ni, ìbẹ̀rù kò sì mọ àwọ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a dáhùn. Nípa agbára ọ̀rọ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa tí ó pe ṣànpọ̀nná ní ilẹ̀ gbígbóná kò sọ fún ẹni tí ó mú pé ibà lásán ni. Wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà ni. Wọn kò yí òótọ́ padà. Gbogbo ilé ni ó mọ ohun tí ó wọlé, olúkúlùkù sì mọ ohun tí ó yẹ kí òun ṣe. Ẹ tún wo babaláwo nídìí Ifá. Bí ẹnìkan bá wá dífá, ire àti ibi ni babaláwo ń fi ìbò bèèrè. Bí ó bá jẹ́ ibi ni Ifá wí, yóò tún bèèrè irú ibi tí ó jẹ́: ṣé ikú ni, ṣé àrùn ni, àbí òfò? Ohun tí Ifá bá wí, ẹni tí ó mú owó wá ni yóò gbọ́ ọ. Babaláwo kì í pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí kọ̀rọ̀ láti sọ fún un. Ṣùgbọ́n kì í sọ ọ́ kí ó sì dákẹ́. Yóò sọ ohun tí ó kù láti ṣe. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà: òótọ́ ni kí a sọ, kí a sì sọ ohun tí ó kù láti ṣe.

Nípa ìrètí, ìbéèrè tèmi ni pé: ta ni a ń tàn? Ara kì í gbọ́ irọ́. Ẹni tí ẹran ara rẹ̀ ń gbẹ, tí ìrora ń jí lóru, tí ó ń rí i pé àwọn ọmọ òun ń wọlé pẹ̀lú ojú pípọ́n, kò nílò dókítà kí ó tó mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan ń ta èlùbọ́. Màmá Ẹlẹ́lùbọ́ ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Jẹjẹrẹ ọmú ni ó mú wọn, ó sì ti wọ egungun ẹ̀yìn kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn. Àwọn àgbà ilé ṣe ìpàdé, wọ́n fẹnu kò pé wọn kò gbọdọ̀ gbọ́. Làkúrègbé ni wọ́n sọ fún wọn. Mo wà níbẹ̀ ní ọjọ́ kan tí Màmá fẹ́ yí ẹ̀gbẹ́ padà lórí ibùsùn, tí wọn kò lè yí i. Nígbà tí ìrora náà rọlẹ̀ díẹ̀, wọ́n wo ọmọbìnrin wọn lójú, wọ́n ní, "Làkúrègbé yìí mà lágbára o." Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Yóò lọ, Màmá." Kò sí ẹni tí ó tún sọ̀rọ̀.

Òwò àwìn ni Màmá ń ṣe. Àwọn tí ó ń kó èlùbọ́ wá fún wọn láti ọ̀nà Ṣakí a máa já àpò sílẹ̀ láìgba owó. Àwọn ìyá alámàlà a sì máa gbé e lọ́dọ̀ wọn láìsanwó títí di ìparí ọ̀sẹ̀. Màmá kò kàwé; orí wọn ni ìwé gbèsè wọn. Nígbà tí wọ́n kú, ìwé náà kú pẹ̀lú wọn. Àwọn tí wọ́n jẹ ní gbèsè wá sí ilé, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ bóyá iye tí wọ́n ń pè jẹ́ òtítọ́. Nínú àwọn tí ó jẹ wọ́n ní gbèsè, díẹ̀ ni ó wá.

Ṣùgbọ́n owó kọ́ ni ó dùn mí jù. Màmá ní àbúrò ọkùnrin kan tí wọn kò tíì bá sọ̀rọ̀ fún ọdún 9, nítorí ilẹ̀ bàbá wọn. Nígbà àìsàn náà, ẹnìkan dá a lábàá pé kí a ránṣẹ́ pè é. Àwọn àgbà kọ̀. Wọ́n ní bí ó bá dé lójijì, Màmá yóò fura. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe tọ́jú irọ́ náà dáadáa, tí a kò sì tọ́jú ìjà náà. Ọjọ́ ìsìnkú ni ọkùnrin náà dé. Ó dúró létí sàréè, ó ní, "Bí ẹ bá pè mí, ǹ bá wá."

Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n ṣí àpótí Màmá. Aṣọ funfun kan wà lókè pátápátá tí a ti fọ̀, tí a sì ti ká dáadáa; owó wà nínú gèlè kan tí a di ní kókó; ìró mẹ́ta wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan. Màmá mọ̀. Wọ́n ti mọ̀ láti ìgbà pípẹ́. Àwọn ẹbí ń fi òótọ́ pamọ́ fún wọn, àwọn pẹ̀lú sì ń fi í pamọ́ fún àwọn ẹbí, kí wọ́n má baà já eré náà mọ́ wọn lójú. Ohun tí ènìyàn lè dá ṣe, Màmá dá a ṣe. Ènìyàn lè dá ká aṣọ ìsìnkú ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè dá parí ìjà, kò sí ẹni tí ó lè dá dágbére, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó lè dá súre fún ọmọ tí kò fẹ́ gbọ́ pé ìyá òun ń lọ.

Nítorí náà ni mo ṣe sọ pé ohun tí a ń pè ní àánú, ìdánìkanwà ni ó máa ń dà fún aláìsàn. Nílẹ̀ wa, ikú rere ni ikú àgbà tí ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ jọ, tí ó sọ ibi tí nǹkan wà, tí ó súre fún olúkúlùkù. Báwo ni ẹni tí a sọ fún pé làkúrègbé ni ó ń ṣe é yóò ti pe ọmọ jọ? Àwa tí a ní àṣà ni a ń dí, àwa náà ni a ń gba ọ̀kan nínú àṣà wa tí ó dára jù lọ lọ́wọ́ àgbà.

Ẹnìkan lè sọ pé, "Ó dára, ẹ ti sọ fún un. Kí ni yóò wá fi ìmọ̀ náà ṣe?" Ohun púpọ̀ ni. Yóò lè ka gbèsè rẹ̀ sókè kí ọmọ kọ ọ́ sílẹ̀. Yóò lè kọ ìwé ogún, kí ìyàwó àti ọmọ má baà fi ilé ẹjọ́ ṣe ilé. Yóò lè sọ ẹni tí yóò tọ́ ọmọ kékeré. Yóò tún lè sọ bí ó ti fẹ́ kí a ná owó lé òun lórí, ọ̀rọ̀ yìí sì ṣe pàtàkì nílẹ̀ tí ó jẹ́ pé àpò ẹbí ni ọ̀pọ̀ owó ìwòsàn ti ń jáde. Mélòó nínú wa ni kò mọ ilé tí wọ́n ti ta ilẹ̀ àti ọkọ̀ nítorí oògùn tí dókítà fúnra rẹ̀ ti mọ̀ pé kò ní í wo àrùn náà sàn? Bí a bá bi bàbá náà, bóyá yóò ní, "Ẹ fi owó yẹn rán àbíkẹ́yìn lọ sí ilé ẹ̀kọ́." Ṣùgbọ́n a kò bi í, nítorí a kò lè bi í láìjẹ́ pé a sọ òótọ́ fún un.

Lékè gbogbo rẹ̀, yóò lè rí ìtọ́jú tí ó yẹ. Irọ́ kejì tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ni èyí tí à ń sọ fún ara wa pé "kò sí ohun tí a lè ṣe mọ́." Ní ọdún 1967, Cicely Saunders, tí ó ti ṣe nọ́ọ̀sì kí ó tó di dókítà, ṣí ilé ìtọ́jú St Christopher's ní Lọ́ńdọ̀nù fún irú àwọn aláìsàn wọ̀nyí. Ó kọ́ àwọn oníṣègùn pé ìrora wọn kì í ṣe ti ara nìkan: ti ọkàn wà nínú rẹ̀, ti ilé àti ẹbí wà nínú rẹ̀, ti ẹ̀mí pẹ̀lú sì wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 1986, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà kan jáde bí a ti í fi oògùn lé ìrora jẹjẹrẹ ní ìpele mẹ́ta, títí dé orí mọ́fíìnì. Wọ́n ní kí a máa lò ó ní àkókò rẹ̀ gan-an, kí a má ṣe dúró dìgbà tí ìrora bá dé. Kì í sì í ṣe ilẹ̀ olówó nìkan ni èyí ti ṣeé ṣe. Ní Uganda, níbi tí Anne Merriman ti dá ilé ìtọ́jú Hospice Africa sílẹ̀ ní ọdún 1993, òfin gbà láti ọdún 2004 pé kí àwọn nọ́ọ̀sì tí ó ti kọ́ nípa rẹ̀ lè kọ mọ́fíìnì fún aláìsàn. Ní Ìbàdàn níhìn-ín pẹ̀lú, ẹ̀ka kan wà ní UCH fún ìtọ́jú tí ó ń mú ara dẹ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni a ó ti gbé ẹni tí ó ní làkúrègbé lọ síbẹ̀?

Àwọn tí ó ń bẹ̀rù pé irú ìtọ́jú yìí yóò gé ẹ̀mí aláìsàn kúrú, kí wọ́n gbọ́ èyí. Ní ọdún 2010, Jennifer Temel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Boston tẹ ìwádìí wọn jáde lórí àwọn aláìsàn 151 tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró wọn ti tàn kiri ara. Wọ́n fún àwọn kan ní ìtọ́jú ìdẹ̀rùn láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú èyí tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀. Ọkàn àwọn wọ̀nyí balẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, àwọn tí a ń fi oògùn líle dà láàmú ní ìgbẹ̀yìn kéré láàárín wọn, síbẹ̀ wọ́n pẹ́ láyé jù: oṣù 11.6 ni agbedeméjì tiwọn, nígbà tí ti àwọn yòókù jẹ́ oṣù 8.9.

Bí ẹnìkan bá sì sọ pé ìmọ̀ yóò ba ọkàn jẹ́, kí ó wo Gani Fawehinmi, agbẹjọ́rò ọmọ Oǹdó. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ni ó mú un, ó mọ̀, kò sì fi bò fún ẹnikẹ́ni. Ní oṣù kejìlá ọdún 2008, pẹ̀lú àìsàn náà lára rẹ̀, ìjọba àpapọ̀ fẹ́ fi oyè OFR dá a lọ́lá. Ó kọ̀ ọ́, ó sì fi kíkọ̀ náà bá ìjọba wí. Ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án ọdún 2009 ni ó kú, ní ẹni ọdún 71. N kò sọ pé gbogbo ènìyàn ni ó ní irú àyà Gani. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìmọ̀ ikú kò sọ ọ́ di òkú kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.

Ó kù bí a ó ti sọ ọ́, ibí yìí sì ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa tí a ń kọ́ èdè. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 2014, ní abala 23, sọ pé kí oníṣègùn jẹ́ kí aláìsàn mọ bí ìlera rẹ̀ ti rí, àfi bí ẹ̀rí tó dájú bá wà pé sísọ rẹ̀ yóò pa á lára. Abala kan náà sọ pé, níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe, èdè tí aláìsàn gbọ́ ni kí a fi sọ ọ́, ní ọ̀nà tí ó bá ìmọ̀ ìwé rẹ̀ mu. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn, Gẹ̀ẹ́sì ni dókítà ń sọ, ọmọ aláìsàn a sì máa túmọ̀. Ohun tí ọmọ kò bá fẹ́ kí ìyá gbọ́, inú ìtumọ̀ ni yóò ti sọnù. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú ẹgbẹ́ yìí, à ń ṣe àríyànjiyàn lórí àmì ohùn, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà wo ni a ó jókòó pẹ̀lú àwọn nọ́ọ̀sì láti wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó tutù, tí ó sì tọ́, fún ìròyìn tí ó le jù lọ tí ènìyàn lè gbọ́?

Kò yẹ kí ó ṣòro fún wa. Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ kì í ṣe irọ́. Irọ́ ń ti ilẹ̀kùn. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ń ṣí i díẹ̀, ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ ni yóò sì pinnu bóyá òun yóò wọlé. Kí dókítà kọ́kọ́ bèèrè: "Ìyá, kí ni ẹ̀yin fúnra yín rò nípa àìsàn yìí?" Kí ó tún bèèrè: "Ṣé ẹ fẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀ fún yín, àbí ẹnìkan wà tí ẹ fẹ́ kí n bá sọ̀rọ̀?" Bí ìyá bá wí pé, "Ọmọ mi ni kí o sọ fún, èmi kò fẹ́ gbọ́," ọ̀rọ̀ ti tán, òun ni ó ni ìròyìn, òun náà ni ó fi lé ọmọ lọ́wọ́. Ẹ̀tọ́ láti má gbọ́ wà, ṣùgbọ́n aláìsàn ni yóò lò ó, ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ lò ó fún un. Bí ó bá sì ní òun fẹ́ gbọ́, ẹ jẹ́ kí a sọ pé: "Oògùn tí a ní kò lè lé àìsàn yìí kúrò lára yín mọ́, ṣùgbọ́n a ní èyí tí yóò lé ìrora, a kò sì ní í fi yín sílẹ̀." Kí a dákẹ́ níbẹ̀. Bí ó bá bèèrè sí i, kí a dáhùn sí i. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ka oṣù tàbí ọjọ́ fún un bí ẹni pé òun ni ó ni kàlẹ́ńdà Ọlọ́run. Níbẹ̀, òótọ́ ni àwọn tí ó ń takò mí ń sọ.

Lẹ́yìn tí ó bá ti gbọ́, kí a má ṣe sá fún un. Elisabeth Kübler-Ross, nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1969, sọ nípa irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ pé wọ́n a máa sẹ́ ọ̀rọ̀ náà, wọ́n a máa bínú, wọ́n a máa dúnàádúrà, wọ́n a máa rẹ̀wẹ̀sì, wọ́n a sì gbà á níkẹyìn. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó ń tẹ̀lé ètò yìí, àwọn kan a sì máa lọ, a máa bọ̀ láàárín wọn. Bí bàbá bá jágbe mọ́ ọ ní òwúrọ̀, ikú ni ó ń bá jà, kì í ṣe ìwọ. Bí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ibojì rẹ̀, má ṣe pariwo pé "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" kí o sì pa á lẹ́nu mọ́. Jókòó. Gbọ́ ọ. Fọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Bi í nípa ìgbà èwe rẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ onígbàgbọ́ tàbí mùsùlùmí, ẹ gbàdúrà ìwòsàn láìdákẹ́. Àdúrà kò nílò irọ́ kí ó tó gòkè. Ìrètí pẹ̀lú kò ní í tán, yóò kàn yí ibi tí ó kọjú sí padà ni: ẹni tí ó ń retí ọdún mẹ́wàá tẹ́lẹ̀ lè máa retí òru kan tí kò ní ìrora, tàbí ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n ẹni tí a pa irọ́ fún nínú ọ̀rọ̀ yìí lè má sí níbẹ̀ mọ́ ní ọjọ́ náà, òun sì ni ó nílò òótọ́ náà jù.

Àwọn baba wa ní ayé lọjà, ọ̀run nilé. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, ará ọjà rere kì í sọ fún ẹni tí wọ́n jọ pàtẹ pé oòrùn ṣì wà lókè. Yóò sọ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ó ti ń di alẹ́, yóò bá a pa ọjà rẹ̀ mọ́, yóò bá a ru ẹrù, yóò sì sìn ín dé ìdajì ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí a ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn ènìyàn wa.